Owó Àtijọ́ Inú Ilẹ̀ Bìní: Ìtàn Rẹ̀ àti Bí A Ṣe Ń Nù Ún Láìbà Á Jẹ́

 

Láàárín ọdún mélòó kan yìí, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa bíi mẹ́fà ti mú owó àtijọ́ tọ̀ mí wá kí n bá wọn wò ó. Àwọn kan rí i níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé. Àwọn kan rí i nígbà tí ẹ̀kún omi òjò wọ́ ilẹ̀ lọ. Ọ̀kan nínú wọn ra ẹ̀rọ tí ó máa ń ké bí ó bá gbúròó irin nínú ilẹ̀. Inú mi dùn pé wọ́n rántí mi. Ohun tí ó dùn mí ni pé márùn-ún nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti fọ owó náà kí wọ́n tó gbé e wá, wọ́n sì rò pé ó yẹ kí n yìn wọ́n. Ìdí nìyí tí mo fi yan ọ̀rọ̀ yìí. Èmi náà ti ṣe irú rẹ̀ rí, ó sì ná ẹbí mi ní ohun tí owó kò lè rà.

ÌKÒKÒ INÚ YÀRÁ

Ní ọdún 1986, a wó ilé alámọ̀ bàbá bàbá mi ní àdúgbò Sakponba kí a lè fi búlọ́ọ̀kù kọ́ òmíràn. Lábẹ́ ilẹ̀ yàrá kan ni àwọn òṣìṣẹ́ ti hú kóló amọ̀ kan jáde. Owó onírin bí ogójì ni ó wà nínú rẹ̀. Àwọn kan ti dúdú bí èédú, àwọn kan ti di aláwọ̀ ewé, àwọn kan sì lẹ̀ mọ́ra wọn.

Ìyàwó méjì ni bàbá àgbà fẹ́. Ìyálé kú ní 1934. Ìyàwó kejì, tí í ṣe ìyá bàbá mi, kú ní 1957. Àwọn ọmọ ìyálé ní ìyá àwọn ni ó ri kóló mọ́lẹ̀, nítorí náà òun ni ó ni yàrá náà. Àwọn ti ọ̀dọ̀ wa ní kò rí bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe nítorí iye owó tí ó wà nínú kóló. A fẹ́ pín ilé tuntun, yàrá tí ìyá kọ̀ọ̀kan ní ni a sì fẹ́ fi pín in.

Èmi ni ọmọ yunifásítì ilé nígbà náà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ ìjọba. Wọ́n ní kí n ka ọdún tí ó wà lára owó náà fún wọn. Ìdọ̀tí kò jẹ́ kí n rí i kà. Mo bá fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, mo fi yanrìn àti kànìnkànìn bó o, mo sì kó àwọn tí ó ṣòro sínú omi eérú gbígbóná di ọjọ́ kejì. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọ̀nìnì fúńfún kan ti jẹ́ lójú bí ewé tí kòkòrò jẹ. Àwọn ṣílè onídẹ ń dán, ṣùgbọ́n ojú wọn ti tẹ́jú pẹrẹsẹ. Kò sí ọdún, kò sí lẹ́tà. Kìkì àwọn onífàdákà ni mo rí kà, wọ́n sì jẹ́ ti 1913 sí 1919.

Àwọn ọmọ ìyálé ní ẹ̀rí ti dé: gbogbo ọdún tí a kà ni ó ṣáájú 1934. Mo mọ̀ pé èyí kò tọ́. Owó tí ó dàgbà jù nínú ìkòkò kì í sọ ìgbà tí a dé ìkòkò. Ènìyàn lè fi owó ogún ọdún pamọ́ lónìí. Owó tí ó kéré jù ní ọjọ́ orí ni ẹlẹ́rìí, nítorí pé kò sí ẹni tí ó lè fi owó tí a kò tíì rọ pamọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó kéré jù nínú kóló ni mo ti fi ọwọ́ ara mi bó. Mo pa ẹlẹ́rìí lẹ́nu mọ́ kí ó tó sọ̀rọ̀. Láti ọjọ́ náà ni agbo ilé ti pín sí méjì.

OWÓ MẸ́RIN TÍ ILẸ̀ BÌNÍ Ń PA MỌ́

Ẹni tí ó bá gbẹ́ ilẹ̀ ní ìlú yìí lè bá oríṣi owó mẹ́rin pàdé. Ó yẹ kí a mọ ìtàn wọn, nítorí pé ohun tí a fi ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan ni yóò sọ ohun tí ó lè bà á jẹ́.

Èkíní ni mànílà, ẹ̀gbà ọwọ́ onídẹ tàbí oníbàbà tí ó tẹ̀ bí bàtà ẹṣin. Àwọn Potogí dé ọ̀dọ̀ Ọba Bìní ní nǹkan bí ọdún 1486, Ughoton sì di èbúté òwò wọn. Mànílà wà lára ohun tí wọ́n fi ń ra ata, eyín erin àti ẹrú. Púpọ̀ nínú idẹ tí ó wọlé ni àwọn alágbẹ̀dẹ Igun yọ́, tí wọ́n fi rọ àwọn iṣẹ́ ọnà ààfin tí gbogbo ayé mọ̀ lónìí. Ní oṣù Kẹrin 2023, àwọn onímọ̀ kan tí ọ̀gá wọn ń ṣiṣẹ́ ní Jámánì gbé ìwádìí jáde lórí mànílà 67 tí a rí nínú ọkọ̀ ojú omi tí ó rì àti ní orí ilẹ̀. Òjé tí ó wà nínú wọn fi hàn pé agbègbè odò Rhine ní Jámánì ni irin ti àwọn ti àtijọ́ ti wá, àti pé ó bá ti iṣẹ́ ọnà Bìní mu. Nígbà tí ó yá, Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a ti ń rọ ọ́. Ìjọba amúnisìn ra mànílà kúrò lọ́wọ́ àwọn ènìyàn láti oṣù Kẹwàá 1948 sí oṣù Kẹta 1949. Apá Owerri àti Calabar ni ó pọ̀ sí jù, èyí tí wọ́n sì kó jọ lé ní mílíọ̀nù ọgbọ̀n.

Èkejì ni owó ẹyọ. Àwọn kékeré tí ó funfun wá láti erékùṣù Maldives nínú òkun Íńdíà. Láti nǹkan bí 1845 ni àwọn oníṣòwò Hamburg bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn tí ó tóbi díẹ̀ wá láti Zanzibar, èyí tí ó ní òrùka aláwọ̀ ìyeyè lẹ́yìn. Ó pọ̀ dé ibi pé agbára owó ẹyọ wálẹ̀. Ẹ má gbàgbé pé inú owó yìí ni ìṣirò Yorùbá ti gba agbára: ogójì ni okùn kan, àádọ́ta okùn ni ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá ni ọ̀kẹ́ kan, tí í ṣe àpò kan.

Ẹ̀kẹta ni owó onírin ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1907 ni ọ̀nìnì àti kọ́bọ̀ onílùhò jáde. Aluminium ni wọ́n fi ṣe ọ̀nìnì ti 1907 àti 1908, ìdí nìyẹn tí ó fi fúyẹ́ bí ìyẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yí i padà sí àdàlù bàbà àti níkẹ́ẹ̀lì. Ní 1912 ni wọ́n dá Ìgbìmọ̀ Owó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀, tọ́rọ́, sísì, ṣílè àti ṣílè méjì onífàdákà sì jáde láti 1913. Fàdákà wọ́n gan-an lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, nítorí náà láti 1920 ni ṣílè onídẹ tí a ya ọ̀pẹ sí ti rọ́pò rẹ̀. Àwọn àgbà tí ó wà níbí yóò rántí rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ni owó Nàìjíríà fúnra rẹ̀. Ilé Ìfowópamọ́ Àpapọ̀ ti Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Keje 1959, owó tiwa sì jáde. Náírà àti kọ́bọ̀ tuntun wọlé ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 1973. Àwọn owó onírin ti 1991 jẹ́ irin tí a fi bàbà tàbí níkẹ́ẹ̀lì bò. Bí a bá ha ara wọn, irin inú rẹ̀ yóò yọ jáde, yóò sì dípẹtà.

ÌDÍ TÍ ÌDỌ̀TÍ FI NÍ IYÌ

Bí idẹ tàbí bàbà bá pẹ́ nínú ilẹ̀, omi, afẹ́fẹ́ àti iyọ̀ inú ilẹ̀ yóò máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ara rẹ̀ yóò di ìpẹtà aláwọ̀ ewé tàbí pupa. A máa ń rò pé ìpẹtà yìí dúró lórí owó bí ẹrẹ̀ ṣe ń dúró lórí bàtà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ara owó náà gan-an ni ó yí padà di ìpẹtà. Lẹ́tà, nọ́ńbà àti àwòrán tí ó kù sábà máa ń wà nínú ìpẹtà yẹn. Bí ásíìdì ọsàn bá ti yọ́ ọ, ó ti kó ìwé tí a fẹ́ kà lọ.

Ibi tí a ti rí i tún jẹ́ ẹ̀rí. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó ààfin Bìní ní oṣù Kejì 1897, wọn kò kọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà sílẹ̀ bí ó ti yẹ. Títí di òní, àwọn ọ̀mọ̀wé ṣì ń jiyàn lórí bí a ṣe to àwọn pátákó idẹ wọ̀nyẹn ní ayé àtijọ́. Ẹ wo ìyàtọ̀ rẹ̀ sí iṣẹ́ Graham Connah, tí ó walẹ̀ ní ìlú yìí láti 1961 sí 1964. Ó kọ bí ohun kọ̀ọ̀kan ṣe jìn tó, ó sì kọ ohun tí ó wà lókè rẹ̀ àti nísàlẹ̀ rẹ̀. Nítorí náà ni ìwé rẹ̀ ti 1975 fi wúlò títí di ìsinsìnyí. Ìwádìí mànílà tí mo mẹ́nu kàn pẹ̀lú kò bá má ṣeé ṣe bí a kò bá mọ ibi tí a ti rí àwọn mànílà náà.

BÍ A ṢE Ń NÙ Ú

Àwọn Yorùbá ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Èyí tí ó dára jù ni kí a má nu owó náà rárá títí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n yóò fi rí i. Bí ó bá pọn dandan kí a rí ojú rẹ̀, ẹ tẹ̀lé ìlànà yìí.

Ẹ kọ́kọ́ ya àwòrán rẹ̀ níbi tí ó wà, kí ẹ tó hú u. Ẹ fi téèpù wọn bí ó ṣe jìn tó, ẹ kọ ọjọ́ àti ibi sílẹ̀. Ẹ fi í sínú àpò ìwé, ẹ má fi í sínú ọ̀rá, nítorí pé àwọn ọ̀rá rírọ̀ kan máa ń sun ohun tí ń jẹ irin.

Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, pàápàá bí ó bá jẹ́ mànílà. Òjé pọ̀ nínú wọn, májèlé sì ni òjé jẹ́, ó burú fún ọmọdé àti aboyún jù. Ẹ má ṣe fi fáìlì tàbí sánpépà ha á, kí eruku rẹ̀ má baà wọ imú. Ẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn náà, ẹ má sì fi abọ́ oúnjẹ ṣe iṣẹ́ yìí.

Ẹ rẹ owó náà sínú omi tí a ti sè di ooru tí a sì gbà padà, irú èyí tí wọ́n ń bù kún bátìrì ọkọ̀. Ẹ kíyè sí i kí ó má lọ jẹ́ ásíìdì bátìrì ni wọn yóò tà fún yín. Ẹ rẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, ẹ máa pààrọ̀ omi náà lójoojúmọ́. Nígbà tí erùpẹ̀ bá ti rọ̀, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá a kúrò, ẹ sì fi igi ìtayín tú èyí tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà. Ẹ má lo abẹ́rẹ́ tàbí ọ̀bẹ. Ibi tí erùpẹ̀ bá parí sí ni kí ẹ dúró. Ìpẹtà tí ó le tí ó sì dán kì í ṣe ọ̀tá yín.

Ẹ fi aṣọ rírọ̀ fà á gbẹ, ẹ tẹ́ ẹ síbi tí afẹ́fẹ́ wà, ẹ má sá a sórí iná. Ẹ tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú àwọn àpò kékeré afaọ̀rinrin tí a máa ń bá nínú páálí bàtà tuntun, nítorí pé òjò Bìní kì í jẹ́ kí ilé gbẹ. Bí ẹ bá rí lẹ́búlẹ́bú aláwọ̀ ewé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó ń jáde lára idẹ, iyọ̀ ni ó ń jẹ ẹ́ láti inú. Ẹ yà á sọ́tọ̀ síbi gbígbẹ, kí ẹ sì gbé e lọ fún àwọn onímọ̀.

Àwọn èèwọ̀ nìyí. Ọsàn wẹ́wẹ́, ọtí kíkan àti ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò ń jẹ bàbà àti idẹ. Owó ẹyọ kò gbọdọ̀ rí wọn rárá, torí pé ohun tí a fi ṣe ìkarawun rẹ̀ ni a fi ṣe ẹfun òyìnbó, yóò hó, yóò sì yọ́. Omi eérú ń jẹ aluminium, ohun tí ó pa ọ̀nìnì mi nìyẹn. Ọṣẹ ìfọyín àti oògùn ìdán ń ha ojú fàdákà. Blíìṣì ń ba irin jẹ́, bí a bá sì pò ó mọ́ ohun kíkan, afẹ́fẹ́ tí ó ń tú jáde lè pa ènìyàn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń fi wáyà iná àti omi iyọ̀ bó owó, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jáwọ́.

ÒFIN

Ẹ má ṣe rò pé ohun tí ẹ̀rọ bá ti ké lé lórí ti di ti ẹni tí ó gbá ẹ̀rọ mú. Òfin àwọn mùsíọ̀mù àti ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ti 1979 kò gbà kí ẹnikẹ́ni walẹ̀ wá ohun àtijọ́ láìgba ìwé àṣẹ. Ẹni tí ó bá ṣèèṣì rí i níbi iṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi tó Àjọ Mùsíọ̀mù létí. Mùsíọ̀mù ìjọba kò jìnnà sí wa, àárín Ring Road ni ó wà. Iyàrà, tí àwọn ará Ẹ̀dó ń pè ní Iya, àti àyíká ààfin kì í ṣe ibi tí a ń gbé ẹ̀rọ lọ. Àlejò tí ó bá mọ iyì ilé ni onílé máa ń fún ní àkéte.

KỌ́BỌ̀ ÀBÚRÒ BÀBÁ MI

Ní ọdún 2011, àbúrò bàbá mi obìnrin pè mí sí yàrá rẹ̀. Ó tú etí ìró kan, ó sì mú kọ́bọ̀ onílùhò kan jáde. Ó ní ọjọ́ tí a hú kóló ní 1986 ni òun ti mú un, kí òun lè ní ohun kan tí ó jẹ́ ti ìyá òun. Kò fọ̀ ọ́ rí. Erùpẹ̀ yàrá náà ṣì wà lára rẹ̀.

Mo ti gba ẹ̀kọ́ nígbà náà. Mo rẹ ẹ́ sínú omi fún ọ̀sẹ̀ méjì, mo fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá a, mo sì fi awò amúǹkantóbi wò ó. Ọdún 1936 ni ó jáde, pẹ̀lú orúkọ Edward Kẹjọ, ọba Gẹ̀ẹ́sì tí kò pé ọdún kan lórí oyè tí ó fi fi í sílẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún náà. Owó tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ rọ ti dé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kí ó tó sọ̀ kalẹ̀.

Ìtumọ̀ rẹ̀ yé gbogbo wa. A kò lè ti dé kóló náà kí 1936 tó dé, ìyálé sì ti kú ní 1934. Mo pe àwọn ọmọ ìyálé, mo fi owó náà hàn wọ́n, mo sì jẹ́wọ́ ohun tí mo ṣe ní 1986. Wọ́n gbà. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí í ṣe àkọ́bí ìyálé, ti kú ní 1994. Òun àti bàbá mi kò jọ jẹun fún ọdún mẹ́jọ tí ó kẹ́yìn ayé rẹ̀. Bí mo bá ti fi àwọn ṣílè yẹn sílẹ̀ nínú ìdọ̀tí wọn, ó ṣeé ṣe kí àwọn méjèèjì ti parí ìjà náà lójú ayé wọn.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará, bí ilẹ̀ bá gbé owó àtijọ́ lé yín lọ́wọ́, ẹ má sáré sọ ọ́ di dídán. Ẹ ya àwòrán rẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ sọ fún àwọn tí ó yẹ kí wọ́n gbọ́, kí ẹ sì fi omi àti sùúrù nù ún.  A kò ní fi ọwọ́ ara wa ba ẹ̀rí wa jẹ́ o. Àṣẹ.